Olú Tí Mi Ò Wú Tìdí-Tìdí

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yá mi lẹ́nu. Ìyá mi mọ olú. Inú igbó abúlé wọn ló ti kọ́ ọ, kó tó bá bàbá wa wá sí Sabon Gari ní Kano. Ó ní a kì í já olú, wíwú là ń wú u tìdí-tìdí, kí a lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Olú ọ̀gán ní ẹsẹ̀ gígùn tó wọ inú ilé ikán lọ. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jókòó sínú nǹkan bí ife, ikú ni. Ẹni tó bá sì yẹ olú wò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́; ará ilé yòókù á dúró di ọjọ́ kejì.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú Màmá ti di bàìbàì. Mo ń ti ìsìn bọ̀ ní apá Yankaba lẹ́yìn òjò ńlá, mo gba abẹ́ àwọn igi kan kọjá, mo sì rí wọn, funfun báláú. Bàbá Hausa tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Madam, naman kaza ne, ko lemar kwaɗo?”

Ẹran adìyẹ ni Hausa ń pe olú tó ṣe é jẹ. Agboòrùn ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pe èyí tí kò ṣe é jẹ. Ńṣe ni bàbá náà ń bi mí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí wọ́n ṣe bí mi sí Kano tó, ẹran adìyẹ nìkan ni etí mi mú. Léèsì funfun ni mo wọ̀. Mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo já wọn.

Màmá fọwọ́ pa wọ́n, ó gbóòórùn wọn.

“Ẹsẹ̀ wọn dà?”

“Mo ti gé e dànù, mà. Ó gùn.”

“Ṣé o wú u?”

“Háà, Màmá náà! Mo wú u.”

“Ìwọ tó ń fi Hausa lá àlá, o wá mọ olú wú!” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ọmọ mi ti dàgbà.”

Ó sè é, ó jókòó, ó ń jẹ, ó sì ń yìn mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá a dùbúlẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta, ó dìde jókòó, ó ní òun fẹ́ mu kókó. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn àbúrò mi jáde lọ ra kókó, mo wá kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́.

Ó kọjú síbi tí ohùn mi ti ń wá. 

“Ta lo ti sọ fún?”

“Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mà.”

“Má sọ fún wọn. Wọn ò ní bá ọ jẹun mọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n bí àtalẹ̀ pupa; dókítà ní májèlé olú náà ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kò lò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Níbi ìsìnkú, àbúrò mi obìnrin ń sọ fún àwọn àlejò pé àgbà ló dé, pé ojú Màmá ti ṣú, kò dá olú mọ̀ mọ́. Wọ́n yíjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, èmi àti àwọn àbúrò mi sì jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà.