Àárọ̀ Ni Ọwọ́ Iye Máa Ń Le

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ àná. Èmi àti ọmọ mi obìnrin nìkan la wà nínú ilé. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fẹ́ gé aṣọ kan kí oníbàárà tó dé, ṣùgbọ́n àwọn ìka mi kò wọ ojú àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ méjèèjì ti wú níbi oríkèé, wọ́n gbóná, wọ́n sì le. Mo fi wọ́n di kọ́ọ̀pù tíì mú, mo ń retí kí ooru rẹ̀ wọlé.

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Tó bá di aago mẹ́sàn-án, á ti fi mí sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aago mẹ́sàn-án yín yìí ti pọ̀ jù."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ni ì bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ká ní ó ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi fúnra mi sọ ló gbà mí lọ́kàn. Mo ti gbọ́ ọ rí, láti ẹnu ìyá tó bí bàbá mi.

Gbogbo wa ń pè é ní Iye, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Abúlé kan lápá Igbodigo ló ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Púpurú, oúnjẹ gbágùúdá tí a ń fi èéfín gbẹ, ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí mo bá rántí rẹ̀, èéfín ló máa ń kọ́kọ́ dé, èéfín igi tí kò tíì gbẹ, tó dàpọ̀ mọ́ òórùn gbágùúdá tó ti kan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ rẹ̀, bó ṣe ń ha èèpo dúdú kúrò lára púpurú tó ti gbẹ, títí funfun inú rẹ̀ yóò fi yọ.

Iṣẹ́ omi àti iná ni púpurú. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ la ti ń rẹ gbágùúdá títí yóò fi rọ̀. Iye máa ń wọ odò náà dé orókún láti kó o jáde. Yóò fọ̀ ọ́, yóò yọ okùn inú rẹ̀, yóò dì í sínú àpò, yóò gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Ìgbà náà ni yóò tó mọ ọ́n ní roboto, tí yóò tò ó sórí àjà igi tó wà lókè iná. Púpurú tirẹ̀ máa ń rí roboto débi pé àwọn tó ń rà á ní Ìlútítun kì í béèrè ẹni tó ṣe é.

Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Láàárọ̀, kì í lè di etí ìkòkò mú. Yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, yóò na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ àjà, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń bá a wé gèlè. N kò mọ̀ ọ́n wé. Bí mo bá ṣe wé e náà ni yóò wọ́ sílẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo abúlé ń sọ: òtútù odò ti wọ inú eegun rẹ̀. Bí òtútù bá wọlé, iná ni yóò lé e jáde, iná sì rèé, kì í kú nílé wa. Kò sí ẹni tó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ojoojúmọ́ ni iná náà ń ṣiṣẹ́. Tí oòrùn bá ti gòkè, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, ọ̀rọ̀ á sì dé ẹnu rẹ̀.

Obìnrin kan wà nílé kejì tó máa ń wá bá a mọ púpurú. Aláwàdà ni. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀kan lára èyí tí Iye mọ, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Iye, ẹ̀rẹ̀kẹ́ èyí wú o. Ta ló gbá a létí?"

"Ọkọ rẹ ni."

"Ọkọ mi wo? Èyí tí kò lè gbé agbè omi?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Púpurú Iye kò rí roboto mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan á tẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á yọ gọngọ, ojú ibi tí ìka kan kò ti lè tẹ̀ ẹ́ á sì hàn. A ń tò wọ́n sókè iná lójoojúmọ́, níwájú gbogbo wa. A wo púpurú, a kò wo ọwọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ, kò pàtẹ́wọ́ mọ́ tí orin bá gbóná. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń lu ilẹ̀. Inú àwọn ọ̀dọ́ ń dùn pé ìyá àgbà ń jó.

Oko ọ̀pẹ ni bàbá mi ń ṣe lápá Ìrẹ̀lẹ̀, ó sì máa ń wá wò wá. Ó ti gbọ́ nípa ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń kó èrò lọ sí Òkìtìpupa kì í dé abúlé wa àfi tí oòrùn bá ti mú.

"Iye, ẹ wọṣọ. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Iye na ọwọ́ síwájú rẹ̀. Ó pa á dé, ó ṣí i, ó tún pa á dé.

"Kí ni dókítà fẹ́ wò? Ó ti fi mí sílẹ̀."

"Wọ́n ní ẹ kì í lè gbé ife láàárọ̀."

"Àárọ̀ nìyẹn. Ṣé àárọ̀ la wà yìí?"

Bàbá mi wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ fun fèrè. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ?" Mọ́tò náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nígbà gbogbo tó bá wá. Kò sí ẹni tó parọ́ níbẹ̀. Ìrora ọwọ́ náà ti fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ní àsìkò tí a ń pinnu.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà nílé ìwé nígbà náà. Èmi kò tíì wọ̀ ọ́, nítorí èmi ni mo ń bó gbágùúdá. Ọ̀bẹ ti ń bọ́ lọ́wọ́ Iye. "Tí ọwọ́ mi bá ti yá, wàá lọ," ló máa ń wí. Ó gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́.

Ọwọ́ náà kò yá. Ó di pé kì í rọ̀ lọ́sàn-án mọ́, àwọn ìka náà sì dà sí apá kan bíi koríko tí àgbàrá kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbà láti wọ mọ́tò. Wọ́n mú èmi náà dání, torí kò sí ẹni tí wọn ì bá fi mí tì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà. Ó lóṣòó síwájú Iye, ó ń di ìka rẹ̀ mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Òtútù odò ni, ọmọ mi."

"Mo gbọ́, mà. Ṣé láàárọ̀ ló máa ń le jù? Ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó rọ̀? Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló wú?"

Iye ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe òtútù. Ó ní àìsàn tó ń ba oríkèé jẹ́ láti inú ni. Iná lè mú un fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Ó ní ká ní ìgbà tó kọ́kọ́ ń wú la wá, oògùn wà tí àwọn ì bá fi gbìyànjú. Èyí tó ti tẹ̀ kò ní nà mọ́. Ó fún un ní oògùn ìrora.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Iye kó ọwọ́ méjèèjì sínú ìró rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Àárọ̀ ni ǹ bá ti lọ."

Bàbá mi ń wo ojú ọ̀nà. Iye yíjú sí i. "Fi ọmọ yìí sílé ìwé. Má ṣe dúró de ọwọ́ mi mọ́."

Kò mọ púpurú mọ́ láti ọjọ́ náà. Obìnrin ilé kejì ló kó àpò àti ọ̀bẹ rẹ̀. Iye a máa lọ jókòó sídìí iná lọ́dọ̀ rẹ̀, a máa wo ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Tí ọ̀kan bá wọ́ lórí àjà, obìnrin náà kì í fi ṣàwàdà mọ́.

Mo kàwé níkẹyìn, láàárín àwọn ọmọ tí mo dàgbà jù lọ. Mo sì kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ Iye kò pọ̀: òórùn èéfín yẹn, àti gbólóhùn kan nínú mọ́tò. Mo rò pé ó ti pẹ́ tó ti yé mi. Síbẹ̀, láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi kọ́ọ̀pù tíì ṣe ohun tí Iye fi iná ṣe, tí mo ń dúró de aago mẹ́sàn-án. Iye kò rí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Èmi rí i.

Láàárọ̀ òní, ọwọ́ mi tún le bíi ti àná. Ọmọ mi ti gbé omi kaná fún mi. Mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì kò ṣe é dè. Ó nawọ́ láti bá mi dè é.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Bó ṣe rí yìí ni kí wọ́n bá a."

Níbi tí à ń gbé báyìí, mọ́tò máa ń gbéra ní kùtùkùtù; a wọ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Òkìtìpupa. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọsibítù, mo ti jókòó síbẹ̀, télọ̀ tí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orókún níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i.