Ògiri Àtẹ́lẹwọ́ ní Agboyi

Ní Agboyi, bí ẹ bá fẹ́ rí alágídí, ẹ kàn béèrè Tíṣà Ṣóbọ̀wálé. Ọdún méje gbáko ló fi yọ ìgbìmọ̀ àdúgbò lẹ́nu pé wọn ò gbọdọ̀ wó ilé ìwé àtijọ́ tó wà létí odò, níbi tó ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òrùlé ti jìn, ewúrẹ́ ló ń sùn ní kíláàsì, àwọn tó ń wa yanrìn sì ti ń wọn ilẹ̀ náà. Tíṣà ní rárá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, ká sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ta ló máa wọ ọkọ̀ ojú omi wá wo àga tí ikán ti jẹ.

Wọn ò mọ ohun tó ń wò. Ní ilé ìwé yẹn, ọmọ tó bá ti ka ìwé mẹ́fà parí á tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì tútù lára ògiri ẹ̀yìn, wọn á fi ìṣó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́. Débọ́lá, àkọ́bí Tíṣà, tẹ tirẹ̀ lọ́dún 1998. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ dojú dé lórí omi, ọmọ náà sì kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn ẹbí kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n sun gbogbo àwòrán rẹ̀, wọ́n sì sin ín síbi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò gbọdọ̀ mọ̀, nítorí òbí kì í fojú kan ohun tí òkú ọ̀fọ̀ fi sílẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Tíṣà, síbẹ̀ kò jiyàn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí ògiri. Láràárọ̀ ló ń yà síbẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún máa lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí kò dé ọgbà náà mọ́ látìgbà tí omi ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ gbà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé náà, Tíṣà lọ sí Ketu lọ gba pátákó orúkọ. Jọkẹ́ ló wá gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí Tíṣà fi máa dé, wọ́n ti rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, ó tẹ́ bẹẹrẹ.

"Mutolib! Ta ló ní kó o rẹ́ ògiri yìí?"

Bíríkìlà náà dọ̀bálẹ̀. "Daddy, Mummy ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. A ti kọ́kọ́ fi òòlù ṣá a dáadáa, kí sìmẹ́ǹtì lè mú un."

Tíṣà fi èékánná wa sìmẹ́ǹtì tútù náà títí ó fi kan búlọ́ọ̀kù. Kò rí nǹkan kan.

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣiṣẹ́ níbí, nítorí ìyá ọmọ kì í ṣe aṣeni. Ìyẹn gan-an ló dun Tíṣà jù, pé kò rí ẹni tí yóò bínú sí.

Ó bá Jọkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

"Daddy Damaris, wọ́n á ní kí n wá jókòó síwájú lọ́jọ́ ìṣílé. Ṣé kí n máa wo ọwọ́ ọmọ náà lára ògiri ni? Ojú òbí kì í rí i. Damaris nìkan ló kù fún wa, mi ò fẹ́ kí èèwọ̀ yẹn lọ ba tiẹ̀ náà jẹ́."

"Ojú mi ti ń rí i tipẹ́, Jọkẹ́. Òun nìkan ni mo ní lára ọmọ yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jà fún ilé yẹn."

Jọkẹ́ ká ọwọ́ lérí. "Ẹ ò sọ fún mi! Ẹ ò sọ fún mi!" Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. "Kí wọ́n tó ṣá a, mo gbé ọwọ́ mi lé e. Ó kéré o. Mo ti gbàgbé pé ọmọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀."

Tíṣà wo àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́. Gbogbo ọdún tó fi ń dúró níwájú ògiri yẹn, ẹ̀rù èèwọ̀ ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré.