Òṣùwọ̀n Ẹ̀tù Bàbá Ọkọ Mi

Òórùn èédú àti ti irin gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ omi ló kọ́kọ́ pàdé wa nílé arọ alágbẹ̀dẹ kan, ní ìlú Oǹdó. Láti Ìta-Ògbólú la ti wá, a wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, a tún wọ òmíràn, nítorí ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa run lóko. Ìbọn tí bàbá àwọn ọmọ mi ń lò ti gbó. Bó bá yìn ín, ọta á fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ, ọ̀yà á sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí yóò máa ba ojú kan ṣoṣo ló fẹ́.

Ẹ mọ̀ mí, n kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Epo pupa ni mo tà dàgbà. Alágbẹ̀dẹ náà kì í ṣe àgbàlagbà, ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù, èdè Oǹdó ẹnu rẹ̀ sì yára débi pé ìdajì ni mò ń gbọ́. Ó kó ọ̀pá ìbọn méjì sílẹ̀. Ihò ọ̀kan fẹ̀ bíi ti ìbọn wa àtijọ́, àtàǹpàkò á wọ̀ ọ́. Ti èkejì tóóró, agbára káká ni ìka mi tó kéré jù fi wọ ibẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ tààrà, tóóró yìí ni tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ fi ń wọn ẹ̀tù."

Ohun tó ń bèèrè wà nínú báàgì lábẹ́ apá mi: ìkarawun ìgbín kékeré tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀, tí ẹ̀tù ti sọ inú rẹ̀ di dúdú. Ẹ̀kún rẹ̀ kan ni wọ́n ń rọ sínú ìbọn, kò dín, kò lé. Nídìí epo, ẹni tó bá ní kí o gbé òṣùwọ̀n rẹ wá kí òun wò ó, ó fẹ́ bà á jẹ́ ni.

Mo ní, "A ò mú un wá."

Ọkọ mi wò mí, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sínú báàgì láàárọ̀.

"Ìyá, a jẹ́ pé ìbọn ò ní í jáde níbí nìyẹn."

"Ṣé ìbọn lẹ fẹ́ tà fún wa ni, àbí ẹ fẹ́ yẹ ẹrù wa wò?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin gan-an lẹ jọ ọlọ́pàá, ìyá."

Ọkọ mi ní, "Ìyá àwọn ọmọ, gbé e fún un jàre."

Mo gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ bu iyanrìn kún un, ó dà á sínú ọ̀pá tó fẹ̀, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó bó ṣe ga tó. Ó tún bu òmíràn sínú tóóró. Ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú tóóró, ó ga ju ìlọ́po méjì lọ. Ó wá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ìka méjì ò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀tù ìbọn ńlá ni mo rọ sínú kékeré, ìbọn sì bú mọ́ mi lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n bàbá tèmi náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ tóóró, ẹ jẹ́ kí n gé èyí kù."

"Kí o gé ohun tí bàbá mi lò títí ó fi kú?" Ohùn ọkọ mi ti yí padà. "Má gé e. Màá máa fi ojú dín in."

Ojú wo? Ojú tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́! Mo sì mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí odidi ìkarawun bá ṣì wà nílé, ọwọ́ tó ti ń bù ú kún láti ìgbà èwe á bù ú kún lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀.

Mo ní, "Alágbẹ̀dẹ, ẹ gé e."

Ó gé e kù, a sì ra tóóró náà; nínú ọkọ̀, iwájú ni ọkọ mi lọ jókòó sí, ó fi mí sẹ́yìn títí a fi dé Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yin ìbọn náà, tó gbé ọ̀yà bọ̀ láti oko, n ò wo ọ̀yà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú, mo ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pòṣé, ó sì rẹ́rìn-ín.

Títí dòní, n ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ yẹn, n ò sì tíì fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ̀. Ìfura ò kúrò lára mi, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ kó kúrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àjèjì tó wà níwájú mi ni mò ń ṣọ́, ohun tó lè pa ọkọ mi sì wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi, tí mo ń fi í pamọ́ bí ẹni fi ohun iyebíye pamọ́.