Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tí Kì Í Ru Lọ́jọ́ Àìkú

"Màmá, tí ẹ bá tún dáhùn ìbéèrè tí mo bi ọmọ yín, ẹ̀yin ni màá kọ oògùn fún."

Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbé kálàmù rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Ọmọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú sókè, ó ń wo àjà bíi pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ìyá tó ń bá àgbàlagbà ọmọ wọ yàrá dókítà.

Ọmọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá, Okokomaiko ló sì ń gbé. Èmi ń gbé ní Ìbà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ojúlùmọ̀ ní kí n fara balẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló rọ bàbá rẹ̀ lápá, tí kò fi lè gbé ṣíbí mọ́ títí a fi sin ín. Títí dọjọ́ tó ṣubú, bàbá náà ń sọ pé kò sóhun tó ń ṣe òun. Nítorí náà, tí ọmọ bá ní kò sóhun tó ń ṣe òun, ara mi kì í gbà á.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ga. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí dókítà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sókè, pé lóde òní, àwọn dókítà máa ń fẹ́ mọ bó ṣe rí nílé pẹ̀lú kí àwọn tó pinnu. Ó ní kí a ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó, mi ò sì gbàgbé ẹyọ kan. Kó kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì kí ó bá àyà dọ́gba. Kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má sọ̀rọ̀.

Àìsọ̀rọ̀ yìí ni wàhálà wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi, a ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ kí n tó bu oúnjẹ.

"Màmá, ṣé mo lè mí?"

"Mí. Má sọ̀rọ̀."

"Ó dáa, Dókítà Ìbà."

"O ti sọ̀rọ̀. A tún máa bẹ̀rẹ̀."

Ohun tí ẹ̀rọ ń gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Tí mo bá bi í bóyá ó lo oògùn, á ní òun lò ó. Kò sì purọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo lọ ra fáànù ní Àlàbá. Ẹ̀rọ náà wà nínú báàgì mi, bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń gbé agbòjò kiri. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi, mo ní kó jókòó.

"Màmá, níwájú gbogbo ọjà?"

"Ọjà kọ́ ni mo fẹ́ wọ̀n. Lọ tọ̀ ná, kí o padà wá."

Ẹni tó ń ta sípíkà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìgbò ni, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò mi lọ.

"Ìyá wa, ta lẹ ní kó lọ tọ̀? Ọ̀gá yìí? Kì í tọ̀ o! Kì í mu omi pàápàá títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Pa ẹnu ẹ dé jàre," ọmọ mi wí fún un.

"Mi ò pa á dé. Ìyá wa, ó ní tí òun bá lọ sílé ìtọ̀, màá gba kọ́sítọ́mà òun."

"Ṣé o ò gbà á rí ni?"

"Ẹyọ kan péré! Òun fúnra ẹ̀ ló ní sípíkà lòun fẹ́!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi lọ, ó pẹ́ kó tó dé torí èrò pọ̀ níbẹ̀, alágbàsọ wa, oní-sípíkà yìí, ló sì bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dé, ó jókòó bó ṣe yẹ, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde ga ju èyí tí mo rí nílé ìwòsàn lọ. Mo ní kó sinmi, mo tún un wọ̀n. Kò wálẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú mi. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni mò ń rí, ọwọ́ tí kò lè gbé ṣíbí.

"Màmá, oògùn tó ń múni tọ̀ ni wọ́n fún mi," ó rọra wí. "Tí mo bá lò ó láàárọ̀, mi ò lè jókòó ti iṣẹ́. Sátidé tí a máa ń tètè palẹ̀ mọ́, àti Àìkú, ni mo ń lò ó."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún dókítà?"

"Ìgbà wo? Tó bá bi mí, ẹ̀yin lẹ ń dáhùn. Ṣé níwájú yín ni màá wá máa ka ìtọ̀ mi fún ọkùnrin bíi tèmi ni?"

Mo sọ fún un pé àwáwí nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo tẹ̀ lé e padà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń lo oògùn lójoojúmọ́.

"Kì í lò ó, Dókítà," ni mo dáhùn. "Ìtọ̀ ló ń sá fún."

Ìgbà yẹn ló fún mi ní ìkìlọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi kálàmù tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti inú yàrá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ mi jáde pẹ̀lú ìwé oògùn mìíràn, èyí tí kì í lé èèyàn lọ sílé ìtọ̀. Ó ní dókítà sọ pé ìwádìí àìpẹ́ yìí ti fi hàn pé àárọ̀ tàbí alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé àkókò tí èèyàn kò ní gbàgbé ni kó mú. Ìgbà tó bá fẹ́ sùn ló mú. Ó sì gbọ́dọ̀ máa mu omi lọ́sàn-án.

"Kí lẹ tún sọ?" mo bi í.

"Màmá, ọ̀rọ̀ èmi àti dókítà mi nìyẹn."

Dókítà rẹ̀! Èmi tí mo wá dókítà náà rí.

Mo ṣì máa ń yà ní Àlàbá láìsọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú báàgì mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé ibi tí dókítà ń fẹ́. Oní-sípíkà ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù tó bá lọ tọ̀. Ó ní láti ìgbà náà, òun kò tíì gba kọ́sítọ́mà kankan mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn rẹ̀ dà nítorí tiwa. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé tí ẹ bá ń bá èèyàn yín wọn ẹ̀jẹ̀ nílé, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú. Tí kò bá lo oògùn rẹ̀ dáadáa, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í pé kí ló ń dí i lọ́wọ́, kó sì lọ sọ ọ́ fún dókítà. Tó bá sì ti dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dá wọlé.