Màrìwò Tí Mo Ta Sílé Mẹ́tìrì

Iṣẹ́ ọgbà àkọ́kọ́ tí mo dá gbà ní Ṣabẹ, ẹsẹ̀ èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ilé oríta ni, ilé olùkọ́ kan, mẹ́tìrì bí a ti ń pè wọ́n, tí ìjọba gbé wá láti Ṣakété láyé ìgbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì, bí ìjọba ológun ti pàṣẹ. Igun àgbàlá rẹ̀ ni ará àdúgbò ń gbà ṣe àbùjá lọ sọ́jà. Mo gbin igi làpálàpá ṣe ọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ kò jẹ ẹ́ lóòótọ́. Èèyàn ló tẹ̀ ẹ́ pa. Mo tún un gbìn, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ pa.

"Àlàbí," ni mẹ́tìrì wí, "bí wọ́n bá tún tẹ èyí tó kàn pa, màá wá ẹlòmíràn."

Ó dùn mí gan-an. Mo ti fọ́nnu fún àwọn àna mi pé èmi ni mò ń tún ilé mẹ́tìrì ṣe.

Kí ìlà ewéko má baà wọ́, aṣọ́gbà a máa ta okùn láti èèkàn dé èèkàn. Eku ti gé okùn tèmi wẹ́wẹ́. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé. Mo já màrìwò rẹ̀, mo so ó mọ́ra, mo fi ta ìlà, mo sì gbin làpálàpá ẹlẹ́ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Ìlà náà gún régé. Inú mi dùn débi pé mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ sílé, n kò rántí pé èèyàn kì í ṣàdédé kọjá níbi tí wọ́n bá ta màrìwò sí. Ibi òrìṣà ni.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń la àárín ewéko mi kọjá dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó kúnlẹ̀ kí èmi tí mo kéré sí àbíkẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, baba. Ẹ má bínú sí ti àná."

Kò pẹ́ tí délégé dé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò. Ó ń pariwo kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Kámáráàdì! Ìjọba ń gbógun ti ìgbàgbọ́ asán, ìwọ wá gbé òrìṣà kalẹ̀ sílé òṣìṣẹ́ ìjọba? Tú u kíákíá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, okùn lásán ni. Eku ló jẹ tèmi."

"Mo ní kí o tú u!"

Mo na ọwọ́ sí i. Bí mo bá tú u, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa tẹ ewéko mi pa, iṣẹ́ á sì bọ́. Mẹ́tìrì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kò gbà á gbọ́, ẹ fi ọwọ́ yín já a, kí àdúgbò lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Délégé wo màrìwò, ó wo àwọn tó pé jọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dá a padà. Ó ní ìpàdé ń dúró dè é níbòmíràn. Kó tó lọ, ó fà mí mọ́ra, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"Má tú u o. Jẹ́ kí làpálàpá yẹn ga ná."

Mo jẹ́ kó ga. Ilé délégé ni iṣẹ́ kejì tí mo gbà.