Etí Orógùn Tó Jẹ

Ó di ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi ti kú. Ó sì di ọdún mẹ́rin tí èmi àti orógùn rẹ̀ ti ń bá ara wa jà nídìí láfún.

Igi apá ni orógùn náà, pupa, ó sì wúwo. Ìyá ìyàwó mi ló fún un nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyàwó mi, màmá mi kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì ro oúnjẹ ọkọ. Bí màmá mi bá wà nítòsí, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò fi rò ó, láfún yóò sì ní kókó. Bí wọ́n bá ti jáde, yóò ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, yóò yí ọwọ́ padà, láfún yóò sì jọ̀lọ̀. Mo mọ̀, n kò sì sọ. Lẹ́yìn tí màmá mi jáde láyé, kò ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ọwọ́ òsì yẹn fá ìdí ìkòkò. Etí orógùn kan jẹ lọ, èkejì yọ ṣóńṣó. Èmi tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ṣóńṣó yẹn ló ń gún ìkòkò, tí láfún ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń jẹ kókó.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlíṣàn ra oníke kan wá. Ọjọ́ kejì ló ká kò bí ewé nínú ooru. Ó ní kí n kúkú sọ ti igi yẹn nù, kí òun ra òmíràn. Mo ní rárá. Kò béèrè ìdí, èmi náà kò sọ ọ́.

Nígbà tó yá, mo gbé orógùn náà sójú ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé ṣóńṣó yẹn ti ń kúrú. Ọwọ́ tèmi ti fẹ́ pa ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ lára igi. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó wá tuntun fún ara mi, n ó sì fi tirẹ̀ kọ́ ara ògiri kí ohunkóhun má fọwọ́ kàn án mọ́.

Bàbá agbẹ́gi kan wà ní Àkàkà tí wọ́n ń gbẹ́ odó àti ọpọ́n. Wọ́n ju àádọ́rin ọdún lọ. Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn láti Ìkẹ́nnẹ́, mo ní orógùn ni mo ń wá.

Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀. “Orógùn lò ń wá ni, àbí ẹni tí yóò mú un dání?”

“Orógùn ni, Bàbá. Igi apá ni mo fẹ́.”

“Apá dà? Àwọn onípákó ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Igi mẹlínà ló kù.”

“Mẹlínà máa ń mumi, Bàbá.”

“Ṣé o fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́ ni?”

A fẹnu kò sí igi ọsàn. Ó le, kì í sì í ta òórùn sí oúnjẹ. Mo gé ẹ̀ka kan lára ọsàn ẹ̀yìnkùlé mi, mo gbé e lọ. Mo wá fi orógùn ìyàwó mi lé wọn lọ́wọ́. “Irú èyí ni mo fẹ́.” Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Gígùn rẹ̀ àti ibi ìdìmú ni mo ní lọ́kàn. Mo rò pé ẹni tó lójú yóò mọ̀ pé etí tó jẹ kò sí nínú iṣẹ́.

Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti lọ síbi ìsìnkú. Mo tún padà lọ, igi ṣì wà lórí àjà nínú èéfín. “Ṣé kí n sá a sóòrùn kó là ni?” ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ìgbà kẹta, wọ́n gbé tuntun jáde. Ó ń dán. Etí rẹ̀ kan ti gé, èkejì yọ ṣóńṣó.

“Bàbá, ó wọ́.”

“Irú èyí lo sọ. Èyí tó o ń wò yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn etí yẹn!” Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ti ìyàwó mi yọ lẹ́yìn. “Ṣùgbọ́n àánú rẹ ṣe mí. Mo rí i pé ti àtijọ́ ti bàjẹ́, mo bá ọ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kó tọ́. Ọ̀fẹ́ ni.”

Ó tọ́ bíi rúlà.

“Èérún rẹ̀ dà, Bàbá?”

“Èérún? Ó ti jóná nídìí ọbẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Àgbàlagbà ni wọ́n. Kò sí bí mo ṣe lè pariwo mọ́ wọn. Mo ní, “Ẹ ṣé.” Lórí ọ̀kadà, mo di orógùn méjèèjì mú títí mo fi délé. Ẹnu ni mo ní, n kò lò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo fi orógùn àtijọ́ ro láfún. Ó jọ̀lọ̀, kókó kan kò sí nínú rẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò jẹ ẹ́ tán.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin mi dé, ó mú tuntun, ó gbé ìkòkò kaná.

“Dádì, ta ló gbẹ́ èyí? Kò mọṣẹ́ rárá.”

“Fi ọwọ́ òsì mú un.”

“Ọwọ́ òsì kẹ̀? Kí Màmá Àgbà gbọ́ lọ́run!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọwọ́ padà. Igi náà fara mọ́ ìkòkò. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, èjìká rẹ̀ òsì lọ sílẹ̀ díẹ̀ bíi ti ìyá rẹ̀. Ó dúró. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Mọ́mì,” ló ní.

Mo wá sọ ọ́: ilẹ̀kùn tí ìyá rẹ̀ máa ń tì, etí igi tó jẹ, bàbá Àkàkà àti ọ̀bẹ wọn. N kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún bàbá yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi náà?”

Mo nawọ́ sí ìkòkò. “Láfún ń jóná,” ni mo wí.

Ó ti ní kókó. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.