Eérú Tí Victoria Dà Sórí Ekòló

Akínwùmí ọmọ Èkìtì kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n òun ló ń wa ekòló fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ọ̀jọ́ láti fi ṣe ìwádìí, fún ọdún mọ́kànlélógún gbáko. Ilẹ̀ àbàtà kan ní Ìbà ló ti ń wú wọn. Inú báàfù ike lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Okokomaiko ló ń tọ́jú wọn sí, àràárọ̀ ló sì ń wọ́n omi sí wọn.

"Bàbá Joy, kí làwọn èyí fi ń mí?" Victoria ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan. "Mi ò rí imú lára wọn."

"Gbogbo ara wọn ni imú. Wọn ò ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tiwa. Awọ yẹn ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, àfi kó ṣáà tutù. Tó bá ti gbẹ, ó parí nìyẹn."

"Yéè! Tí ọ̀fìnkìn bá wá mú wọn ńkọ́? Àtorí dé ìrù ni wọn ó máa nù!"

Akínwùmí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ikọ́ náà ló gbé e dé ọsibítù níkẹyìn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Joy, má jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wọn gbẹ o."

Lọ́jọ́ kẹta, ìjàlọ bo báàfù. Victoria ṣe bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe: ó bu eérú ààrò, ó dà á yí báàfù ká, ó tún wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀. Kò bu omi sí i, kí eérú má baà ṣàn lọ. Ìjàlọ sá lóòótọ́. Nígbà tí yóò fi ti ọsibítù dé lọ́jọ́ kejì, ekòló ti gbẹ bí okùn bàtà.

"Ṣé wọ́n ń mí?" Akínwùmí béèrè nígbà tó padà dé ọsibítù, rọ́bà ọ́síjìn nímú òun náà.

"Wọ́n ń mí dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kú.

 Àwọn ará àdúgbò ń ṣìpẹ̀ fún Victoria, wọ́n rò pé ikú ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń sunkún lé lórí, wọn ò mọ̀ nípa irọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí Akínwùmí kú, Adéfúnkẹ́, olùkọ́ ní yunifásítì náà, wá kí i.

"Mọ́mì, Bàbá ò gbé òkú ekòló wá fún wa rí. Nígbà tí mo kí wọn ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bá àwọn tọ́jú ekòló."

"Ọmọ mi, mo ti pa wọ́n. Eérú ni mo dà bò wọ́n nímú. Mo tún parọ́ fún Bàbá Joy lórí ibùsùn ọsibítù."

"Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe."

Nígbà tí àlejò lọ, Victoria gbé omi tí àlejò náà mu kù lọ sẹ́yìnkùlé. Ó rọra wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ inú báàfù náà, títí kọ́ọ̀bù fi gbẹ.